Aṣàkáàdì àti Akọlù Nídìí Tábìlì Pókà

Nídìí tábìlì pókà ní kasínò Las Vegas, ẹni tó ń pín káàdì kì í sábà pín ju nǹkan bí ìgbà 30 lọ láàárín wákàtí kan. Éèsì méjì, tí í ṣe káàdì tó lágbára jù lọ téèyàn lè fi bẹ̀rẹ̀, kì í sábà dé ọwọ́ ẹni ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú ìgbà 221. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó ju wákàtí méje lọ kí ẹ tó rí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìyẹn bí nǹkan bá lọ déédéé. Ká tiẹ̀ fi kíǹgì méjì, kúìnì méjì, àti éèsì pẹ̀lú kíǹgì kún un, ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 39 náà ni, ó ṣì ju wákàtí kan lọ. Ní gbogbo àsìkò tí ẹ fi ń dúró yẹn, ẹnì kan á wà nídìí tábìlì náà tí kì í dúró de nǹkan kan. Káàdì yòówù tí wọ́n bá pín fún un ló ń fi jà. Á fi owó kún owó, á tún fi kún un, ẹni tí ẹ̀rù bá bà á sá, á sì wọ́ owó àárín tábìlì sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣà káàdì á wá jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta.

Ìjà àwọn méjèèjì yìí, aṣàkáàdì àti akọlù, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣà káàdì ń ṣe é dé ìdajì ni. Wọ́n ń fara balẹ̀ yan káàdì tí wọ́n máa fi wọlé, ìyẹn sì dáa. Àmọ́ bí wọ́n bá ti wọlé tán, tí akọlù ju owó ńlá sílẹ̀, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà, wọ́n á sì sá. Ibi tó yẹ kí wọ́n dúró sí gan-an ni wọ́n ti ń sá. Akọlù kì í jẹun lára ẹni tó kọ̀ láti wọlé. Ara ẹni tó wọlé tán tó wá sá ló ti ń jẹun.

Fún ẹni tí kò mọ eré náà, ẹ jẹ́ ká yára là á kọjá. Kì í ṣe káàdì Whot là ń sọ o. Káàdì 52 tó ní éèsì, kíǹgì, kúìnì àti jáàkì ni. Irú pókà tó gbòde jù lọ ni Texas Hold'em, tí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ Texas fọwọ́ sí ní ọdún 2007 pé ìlú Robstown ni orísun rẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ó dé Las Vegas ní 1963. Wọ́n á fún oníkálukú ní káàdì méjì tí ojú wọn dé ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ṣí káàdì mẹ́ta sáàárín tábìlì fún gbogbo èèyàn, flop nìyẹn. Wọ́n á ṣí ẹyọ kan sí i, ìyẹn turn. Wọ́n á wá ṣí ẹyọ kan ìkẹyìn, òun ni river. Nínú káàdì méje yìí ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ti máa mú márùn-ún tó dára jù. Kí wọ́n tó pín káàdì rárá, àwọn méjì tó jókòó tẹ̀ lé bọ́tìnnì, ìyẹn àmì tó ń yí tábìlì ká bí wọ́n ṣe ń pín káàdì, ti gbọ́dọ̀ gbé owó ọ̀ranyàn kalẹ̀. Nídìí tábìlì kékeré, dọ́là kan àti dọ́là méjì ni. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan, ẹ lè ju káàdì yín sílẹ̀, ẹ lè tẹ̀ lé iye tí ẹlòmíì ta, ẹ sì lè fi owó kún un. Bí ẹnikẹ́ni ò bá tíì ta, ẹ lè fọwọ́ kan tábìlì kó kọjá lórí yín lọ́fẹ̀ẹ́. Nínú irú èyí tí kò ní òdiwọ̀n, ẹnikẹ́ni lè kó gbogbo owó iwájú rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó bá wù ú.

Ẹni tó mọ ayò ta á rí ìyàtọ̀ kíákíá. Nínú ayò, ilé méjìlá ló wà lójútáyé, ọ̀ta á ka ọmọ ayò tiẹ̀, á ka ti ẹnì kejì, kò sí ohun tó pamọ́. Ìdí nìyẹn tí òpè kò fi lè fi ìhalẹ̀ gba ayò lọ́wọ́ ọ̀ta. Nínú pókà, káàdì tó ṣe pàtàkì jù lọ dojú dé ilẹ̀. Ẹni tí káàdì rẹ̀ kò dára lè gba owó àárín tábìlì, bó bá ṣáà ti lè mú kí gbogbo àwọn tó kù ju tiwọn sílẹ̀. Inú ihò yìí ni akọlù ń gbé.

Ìṣirò sì wà lẹ́yìn rẹ̀; kì í ṣe wèrè lásán. Bí káàdì méjì ọwọ́ yín kò bá jọra, bíi éèsì àti kíǹgì, nǹkan bí ìgbà 68 nínú 100 ni flop á dé tí ẹyọ kan kò ní bá èyíkéyìí nínú wọn mu. Ẹ wá fojú inú wo tábìlì dọ́là kan àti méjì yẹn. Akọlù ta dọ́là 10, ẹ̀yin nìkan lẹ tẹ̀ lé e, àwọn tó san owó ọ̀ranyàn sá, dọ́là 23 sì wà láàárín (ká gbàgbé ìdá tí kasínò ń yọ fúnra rẹ̀). Flop dé, ó ta dọ́là 15. Kí èrè tó wọlé fún un láìka ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí, kò nílò ju kí ẹ sá ní nǹkan bí ìgbà 40 nínú 100. Bí ẹ bá ń sá ní gbogbo ìgbà tí flop kò bá bá káàdì yín mu, ìgbà 68 lẹ ń sá yẹn. Ó lè fi méjì àti méje ṣe é fún yín láti àárọ̀ títí di alẹ́, kó sì lówó lọ́wọ́ nígbà tó bá ń lọ sílé.

Àwọn tó kọ́kọ́ mọ èyí dáadáa ló di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Doyle Brunson, ọmọ Texas, gba ife-ẹ̀yẹ World Series of Poker, ìdíje pókà tó lókìkí jù lọ, ní 1976 àti 1977, ọdún méjèèjì ló sì jẹ́ pé mẹ́wàá àti méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí eré parí. Kò sí aṣàkáàdì kankan tó máa fi káàdì yẹn wọlé. Ìwé rẹ̀, Super/System, tó jáde ní ìparí àwọn ọdún 1970, kọ́ odidi ìran kan pé kí wọ́n máa kọlù, kí wọ́n má sì sinmi. Stu Ungar náà, tó gba ife-ẹ̀yẹ yẹn ní 1980, 1981 àti 1997, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mí nídìí tábìlì.

Ṣùgbọ́n kí á tó bẹ̀rù wọn, ká mọ̀ pé oríṣi méjì ni akọlù. Èkíní ni ọ̀ta, irú Brunson: ó ń kọlù, àmọ́ ó ń wo ojú yín, ó mọ ìgbà tí ẹ máa sá, bí ẹ bá sì ta padà, ó mọ ìgbà tó yẹ kí òun náà dáwọ́ dúró. Èkejì ni oníwàdùwàdù. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́ iná, kò kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ búrékì. Èyí tó pọ̀ jù nínú kasínò ni èkejì yìí, òun náà sì ni ẹni tí ọ̀rọ̀ mi dá lé lórí jù. Fún èkíní, ìmọ̀ràn tí mo ní kò ju kí ẹ wá tábìlì mìíràn lọ. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Iṣẹ́ ṣíṣà bẹ̀rẹ̀ láti inú káàdì méjì. Ọ̀nà 1,326 ni káàdì méjì lè gbà dé ọwọ́ yín. Bí ẹ bá ní ẹ ò ní wọlé àfi pẹ̀lú káàdì méjì tó jọra, èyíkéyìí ì báà jẹ́, láti méjì méjì dé éèsì méjì, tàbí éèsì tó bá kíǹgì, kúìnì tàbí jáàkì rìn, tàbí kíǹgì pẹ̀lú kúìnì, ọ̀nà 142 ni gbogbo rẹ̀. Kò ju mọ́kànlá nínú ọgọ́rùn-ún. Owó tí ìdúró yẹn ń ná yín kò tó nǹkan: bí ẹ bá jẹ́ mẹ́sàn-án nídìí tábìlì, owó ọ̀ranyàn tí ẹ máa san ní ìyípo kan jẹ́ dọ́là mẹ́ta, ìyẹn nǹkan bí dọ́là mẹ́wàá ní wákàtí. Akọlù tó ń wọlé pẹ̀lú ìdajì gbogbo káàdì tó bá rí ń lo ọ̀nà 663. Nígbàkigbà tí ẹ bá pàdé ara yín, tiyín ló lágbára jù ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kí flop tó jáde rárá. Gbogbo èrè tí aṣàkáàdì ní lórí rẹ̀, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má kàn mú òǹkà yẹn bí òfin o. Ibi tí ẹ jókòó sí máa ń yí iye káàdì padà. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kọ́kọ́ kò mọ ohun tí àwọn mẹ́jọ tó kù máa ṣe, nítorí náà kíǹgì àti kúìnì lè di ìṣòro sí i lọ́wọ́. Ẹni tó wà níbi bọ́tìnnì ló máa ń sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn lẹ́yìn flop, ó ti rí ohun tí gbogbo wọn ṣe, ó sì lè gbà kí káàdì púpọ̀ sí i wọlé. Aṣàkáàdì tó ń ta bákan náà níbi gbogbo ń sọ owó nù níwájú, ó sì ń fi owó sílẹ̀ lẹ́yìn.

Ohun kan tún wà tí David Sklansky, òǹkọ̀wé nípa pókà, ṣàlàyé nínú àwọn ìwé rẹ̀, tó sì wúlò gan-an fún ọ̀rọ̀ yìí: káàdì tí ẹ máa fi tẹ̀ lé ẹni tó ti fi owó kún gbọ́dọ̀ dára ju èyí tí ẹ máa fi ṣe ẹni àkọ́kọ́ tó fi owó kún. Ìdí ni pé ẹni yẹn ti sọ fún yín pé òun ní nǹkan. Bí ẹni jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kan tí kò ta káàdì kankan láti ìgbà tí ẹ ti jókòó bá fi owó kún láti ipò àkọ́kọ́, èmi á ju éèsì àti kúìnì sílẹ̀ láìronú lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ bó bá jẹ́ akọlù ló fi owó kún, kí ló sọ fún yín? Kò sọ nǹkan kan. Káàdì 663 ló wà lẹ́yìn owó rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni éèsì àti kúìnì yín sì borí. Káàdì kan náà, ó di ìdọ̀tí níwájú ẹnì kan, ó di wúrà níwájú ẹlòmíì. Nítorí náà, bí akọlù bá ta dọ́là 10 tí ẹ sì ní éèsì pẹ̀lú kíǹgì, tàbí mẹ́wàá méjì sókè, ẹ sọ ọ́ di 30. Owó náà á lé àwọn tó kù lọ, á ku ẹ̀yin méjèèjì nìkan, owó tó wà láàárín á sì pọ̀ nígbà tí káàdì tiyín ṣì wà níwájú.

Àwọn káàdì méjì kéékèèké tó jọra, bíi márùn-ún méjì, iṣẹ́ mìíràn ni tiwọn. Nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà mẹ́jọ àti ààbọ̀ ni márùn-ún kẹta máa ń jáde nínú flop. Bí owó tó wà níwájú yín méjèèjì bá pọ̀, ẹ tẹ̀ lé e ní owó pọ́ọ́kú. Bí kò bá jáde, ẹ sá.

Flop ti wá dé báyìí. Ẹ jẹ́ ká padà sí dọ́là 23 yẹn. Ẹ̀yin lẹ wà níbi bọ́tìnnì, éèsì àti kúìnì lẹ fi tẹ̀ lé e lọ́jọ́ yìí dípò kí ẹ fi owó kún un. Flop ni kúìnì, mẹ́jọ àti mẹ́ta, àmì wọn kò jọra. Akọlù ta dọ́là 15. Kúìnì méjì lẹ ní báyìí, éèsì ló sì tẹ̀ lé wọn. Ọ̀pọ̀ aṣàkáàdì ni inú rẹ̀ á dùn níbí, á sáré fi owó kún un dé 50, á ní òun ń dáàbò bo káàdì òun. Ẹ wò ó dáadáa ná: bí ẹ bá sọ ọ́ di 50, ta ló máa sá? Ẹni tó ní jáàkì àti mẹ́sàn-án, tó kàn ń halẹ̀, á sá. Ta ló máa dúró? Ẹni tó ní mẹ́jọ mẹ́ta, tàbí mẹ́jọ mẹ́jọ lọ́wọ́. Ẹ ti lé gbogbo àwọn tí ẹ ń jẹ lọ, ẹ wá dá gbogbo àwọn tó ń jẹ yín dúró. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kàn tẹ̀ lé e ní 15.

Owó àárín di 53. Turn jẹ́ márùn-ún. Ó ta dọ́là 35. Ẹ tẹ̀ lé e. Owó àárín di 123. River jẹ́ méjì, kò yí nǹkan kan padà. Ó wo ojú yín, ó ti dọ́là 80 síwájú. Ibi tí àyà ti ń já nìyí. Ẹ ti ná 60, ẹni tó ń ta bí ẹni tó ní òkúta lọ́wọ́ sì tún ń béèrè 80. Inú yín á máa sọ fún yín pé ó ti rí nǹkan nínú flop. Ẹ pa inú tì, ẹ ṣe ìṣirò. Ẹ fẹ́ san 80 láti gba 203. Bí ẹ bá borí ní ìgbà 29 nínú 100 péré, ẹ kò pàdánù. Oníwàdùwàdù tó fi ìdajì gbogbo káàdì wọlé, tó sì ń ta lẹ́ẹ̀mẹta léra wọn nítorí pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń dáwọ́ dúró, mélòó nínú 100 ló ń halẹ̀ níbí? Ká ní 40 ni. Ìgbà 40 lẹ máa gba 203, ìgbà 60 lẹ máa pàdánù 80: èrè yín ń lọ sí dọ́là 33 ní ìpíndọ́gba nínú títẹ̀lé kan ṣoṣo yẹn. Ẹ má gbàgbé pé nígbà púpọ̀ jù, á ṣí káàdì rẹ̀, á jẹ́ pé ó ní i lóòótọ́, ẹ ó sì dà bí òmùgọ̀ lójú gbogbo tábìlì. Ìgbà 60 nínú 100 ni! Ibí ni sùúrù tó le jù nínú eré yìí wà; títẹ̀lé tó tọ́ tún máa ń dunni ju sísá lọ. Ìdúró wákàtí kan láìta káàdì kò tó o.

Mi ò ní kí ẹ máa tẹ̀ lé gbogbo nǹkan o. Bí àmì kan náà bá di mẹ́rin láàárín tábìlì tí ẹ kò sì ní irú rẹ̀, ẹ sá. Bí ẹnì kẹta, ẹni jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ yẹn, bá wọ ìjà náà tó sì fi owó kún àwọn méjèèjì, ẹ sá kíákíá: owó rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ bó bá jẹ́ irọ́ ni. Bí akọlù fúnra rẹ̀ bá ṣe ohun tí kì í ṣe, tó fọwọ́ kan tábìlì lórí flop àti turn, tó wá jí lójijì lórí river tó fi owó kún owó tí ẹ ta, ó ti rí nǹkan. Ariwo rẹ̀ kọ́ ló yẹ ká bẹ̀rù. Àyípadà inú ariwo náà ni.

Ẹ lè béèrè pé ìgbà wo lẹ máa wá gba owó ńlá. Nígbà tí káàdì yín bá lágbára ju kúìnì méjì lọ. Àpẹẹrẹ tó gbajúmọ̀ jù wáyé ní World Series of Poker ti 1988, nígbà tó ku Johnny Chan àti Erik Seidel. Chan ní jáàkì àti mẹ́sàn-án. Flop gbé kúìnì, mẹ́wàá àti mẹ́jọ wá. Káàdì márùn-ún tó tẹ̀ léra wọn ti pé lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ohun tó lè borí rẹ̀ nígbà yẹn. Seidel ní kúìnì àti méje. Chan kò pariwo. Ó ṣe bí ẹni tí káàdì rẹ̀ kò lágbára, Seidel sì kó gbogbo owó rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tó ya fíìmù Rounders ní 1998 fi eré náà sínú rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí níbẹ̀ kò ju pé ẹni tó bá fẹ́ràn títa á ta fún yín bí ẹ bá yọ̀ǹda fún un. Ẹ má gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí sísá ṣe lè wọ́n tó, ẹ wo ìdíje yẹn kan náà ní 2003. Chris Moneymaker, onímọ̀ ìṣirò owó kan láti Tennessee tó fi dọ́là 86 wọlé láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, bá Sam Farha kù sídìí tábìlì ìkẹyìn. Farha ni akọlù tí gbogbo ayé mọ̀. Ó ní mẹ́sàn-án méjì, èyí tó ga jù lórí tábìlì náà. Moneymaker kò ní nǹkan kan. Káàdì alámì kan náà tó ń retí kò pé. Ó kó gbogbo owó rẹ̀ sílẹ̀ lórí river. Farha ronú títí, ó ju mẹ́sàn-án rẹ̀ sílẹ̀. Láìpẹ́ sígbà náà ni Moneymaker gba mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀ dọ́là. Akọlù fúnra rẹ̀ ni wọ́n kọlù yìí o, ó sì sá bí aṣàkáàdì.

Nínú tábìlì ìkẹyìn ti 2003 yẹn kan náà, ẹni tó ṣe ipò kẹta ni Dan Harrington. Tọkùnrin náà ló wù mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti gba ife-ẹ̀yẹ náà ní 1995. Ẹni tó wá láti inú ṣẹ́ẹ̀sì àti backgammon ni, ó ń jókòó jẹ́ẹ́ pẹ̀lú fìlà rẹ̀, ó ń sọ káàdì nù, àwọn èèyàn sì sọ ọ́ ní Action Dan láti fi ṣẹ̀fẹ̀ nítorí pé kò sí ẹni tí ìṣe rẹ̀ kéré tó tirẹ̀. Àwọn 839 ló díje ní 2003. Ní 2004, wọ́n di 2,576, wọ́n sì kún fún àwọn ọmọ íntánẹ́ẹ̀tì tó ń kọlù láìsinmi. Harrington tún dé tábìlì ìkẹyìn, ó ṣe ipò kẹrin.

Ìgbà kan wà níbẹ̀ tí Greg Raymer, tó padà wá gba ife náà, fi owó kún. Josh Arieh tẹ̀ lé e. Harrington ní mẹ́fà àti méjì, ọ̀kan nínú káàdì tó burú jù lágbàáyé. Ó fi owó ńlá kún un. Gbogbo wọn sá. Ìrònú rẹ̀ rọrùn: Raymer jẹ́ ẹni tó ń fi káàdì púpọ̀ wọlé, nítorí náà kò dájú pé ó lágbára, Arieh kàn tẹ̀ lé e ni, bó bá lágbára gan-an ì bá ti fi owó kún un, ẹni tó wá fi owó kún àwọn méjèèjì ni ọkùnrin tí wọ́n ti ń wò fún ọ̀pọ̀ wákàtí tó ń ju káàdì sílẹ̀. Ta ló máa gbà pé mẹ́fà àti méjì ló ní? Gbogbo wákàtí tó fi jókòó jẹ́ẹ́ ló ná ní ìṣẹ́jú kan yẹn. Aṣàkáàdì tí kò ná an rí ń kó owó pamọ́ sí báńkì tí kò ní í gbà á jáde láé. Àmọ́ ọ̀ta ló yẹ kẹ́ ẹ ná an fún, nítorí ọ̀ta ló ń rántí ohun tí ẹ ti ń ṣe. Oníwàdùwàdù kò wo yín láti àárọ̀. Bí ẹ bá halẹ̀ mọ́ ọn, á tẹ̀ lé yín pẹ̀lú mẹ́jọ méjì rẹ̀, á sì borí.

Nínú ìdíje, ọ̀rọ̀ tún yàtọ̀, nítorí owó ọ̀ranyàn ń ga sí i bí àsìkò ṣe ń lọ. Harrington kọ ìlànà kan sínú ìwé tí òun àti Bill Robertie bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ jáde ní 2004: ẹ pín owó iwájú yín pẹ̀lú gbogbo owó tó pọn dandan kẹ́ ẹ san ní ìyípo kan. Ó pe èsì rẹ̀ ní M, láti inú orúkọ Paul Magriel, ọ̀gá backgammon. Bó bá ju 20 lọ, ẹ lè ṣà káàdì bó ṣe wù yín. Bó bá ti ń sún mọ́ márùn-ún, kò sí àyè fún ṣíṣà mọ́. Káàdì tó bá jọ nǹkan, ẹ kó gbogbo owó sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ aṣàkáàdì ló ń kú síbẹ̀, wọ́n ń dúró de éèsì méjì tí kò ní í dé kí owó tó tán. Bákan náà ni bí ẹ kò bá ju mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ nídìí tábìlì: owó ọ̀ranyàn ń kàn yín lemọ́lemọ́, káàdì 142 yẹn á sì pa yín lébi.

Ìbínú náà wà níbẹ̀. Akọlù tó mọṣẹ́ rẹ̀ máa ń ṣí káàdì burúkú rẹ̀ hàn lẹ́yìn tí ẹ bá ti sá, á rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò ṣe é lásán. Ó fẹ́ kí ẹ gbàgbé káàdì 142 yẹn, kí ẹ fi kíǹgì àti mẹ́rin bá a jà nítorí ẹ̀san. Ìgbà tí mo bá rí ẹni tó ti jókòó jẹ́ẹ́ fún wákàtí méjì tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lẹ́ẹ̀mẹta léra wọn, mo mọ̀ pé kì í ṣe káàdì ló yí padà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, kó dìde lọ mu omi. Owó oúnjẹ tàbí owó ilé kò sì gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì yẹn rárá; ẹni tí kò lè fara da pípàdánù owó tó gbé wá síbẹ̀ kò ní lè tẹ̀ lé dọ́là 80 nígbà tí ìṣirò bá ní kó tẹ̀ lé e.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìjókòó, tí àwọn tuntun kì í kà sí. Apá òsì ni káàdì máa ń lọ, nítorí náà ẹni tó wà ní apá ọ̀tún yín ló ń sọ̀rọ̀ kí ẹ tó sọ. Apá ọ̀tún yín ló yẹ kí akọlù wà. Ẹ ti rí owó rẹ̀ kí ẹ tó pinnu, ẹ lè sọ 10 rẹ̀ di 30, ẹ sì lè jẹ́ kó kọjá. Bó bá wà ní apá òsì, gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ wo flop ní owó pọ́ọ́kú ló máa fi owó kún un lẹ́yìn yín. Ẹ sọ fún alábòójútó pé bí ìjókòó yẹn bá ṣófo, ẹ̀yin lẹ fẹ́ ẹ. Ó dáa ju éèsì méjì lọ, nítorí ó wà níbẹ̀ fún gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pín káàdì, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan nínú 221.

Bí owó akọlù bá sì tán tó dìde lọ, ẹ wo àwọn tó kù. Bó bá jẹ́ mẹ́jọ irú tiyín ni, tí gbogbo wọn ń ju káàdì sílẹ̀ tí wọ́n ń dúró, kasínò nìkan ló kù tó ń jẹ èrè níbẹ̀, ìdá rẹ̀ sì ń jáde nínú gbogbo owó tó bá tó ìwọ̀n. Ẹ kó owó yín, ẹ lọ wo bóyá ariwo wà nídìí tábìlì mìíràn.